Kí Ọwọ́ Ọmọ Náà Kẹ́kọ̀ọ́

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Nítorí náà ni ó ṣe ń dùn mí wọra pé ní Kétu wa níbí ní Èkó, tí ọjà Máìlì 12 kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ ṣì ń há ìṣirò sórí láì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ohunkóhun rí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí èdè ilé bá lè ran ọmọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́ ní ọjà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ fi kóńgò wọn gàrí, kí ó pín tòmátì tí a kó láti Òkè Ọya títí yóò fi fojú rí ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ó gbé ata tútù lé òṣùwọ̀n, kí ó sá a sóòrùn, kí ó tún un wọ̀n nígbà tí ó bá gbẹ, kí ó sì kọ iye omi tí oòrùn fà sílẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní fi apẹ̀rẹ̀ kan dù wá. Àwa ni kí á lọ bá wọn sọ̀rọ̀.