Ta Ló Wo Ẹ̀yìn Ṣáláńgá?

Kí n tó na ẹnikẹ́ni ní pàṣán lónìí, ara mi ni mo máa kọ́kọ́ nà. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fi mí sí kọ́mítì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, hẹ́dímásítà gbé ìwé wá bá mi nílé. Ó ní kọngílá ti parí ṣáláńgá oníyàrá mẹ́fà tí wọ́n gbé fún un, alága ti fọwọ́ sí i, ọwọ́ tèmi ló kù kí wọ́n sanwó. Ẹ̀bà wà níwájú mi. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ náà dára. Ó ní, "Bàbá, ó dára gan-an ni." Mo nu ọwọ́ ọ̀tún mi, mo fọwọ́ sí i, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Oṣù méjì kọjá kí ẹsẹ̀ mi tó débẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni mo bá, kì í ṣe mẹ́fà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ọ̀pá mi gún sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó tú wúruwùru bíi gàrí. Koríko ti ga nínú èyí tí wọ́n kọ "Obìnrin" sí lára, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò sí ọmọbìnrin kankan tó ń wọ ibẹ̀. Igbó ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kọ́mítì ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tiyín náà wà nínú ìwé kan níbì kan.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé oyè ni wọ́n fi yín jẹ? Ní 2005 ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alámòójútó tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC. Ọmọ àdúgbò ni alága, hẹ́dímásítà ni akọ̀wé. Aṣojú ọba wà níbẹ̀, aṣojú òbí, tísà, àwọn obìnrin, ọmọ ilé ìwé àtijọ́, kódà olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí ti oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn díẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n ńlá ni ẹni tó fi í kún un gbọ́n. Bíríkìlà ni yóò fọwọ́ kan ògiri tí yóò ní, "Yanrìn ti pọ̀ jù nínú èyí." Kápẹ́ńtà ni yóò gbójú sókè wo igi àjà tí yóò mọ̀ pé igi tútù ni wọ́n lò, pé ìjì oṣù kẹta ni yóò ká páànù náà lọ. Wọn kò fi wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n wá máa jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìrẹsì náà la sì ń jẹ. Ìpàdé wa tó kẹ́yìn, wákàtí méjì gbáko la fi jiyàn lórí ańkárá tí a óò wọ̀ síbi eré ìje àwọn ọmọ. Àwọn kan fẹ́ aláwọ̀ ewé, àwọn kan ní aláwọ̀ ewé ti jọ ti òṣèlú jù. A dìbò. Ògiri yàrá ìkẹ́ẹ̀kọ́ kẹta ti là láti òkè délẹ̀, aláǹgbá ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Alága wa ń gbé l'Ékòó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń rí i, ó máa ń kó bíbélì àti kùránì wá fún pípín, a óò ya fọ́tò. Mi ò bínú sí ọrẹ. Ìbéèrè mi ni pé láti ìgbà tó ti di alága, ṣé ó ti wọ kíláàsì kan rí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Bó bá jókòó, yóò mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ọ̀hún lẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ní kí hẹ́dímásítà gbé ìwé àlejò wá. Gbogbo ilé ìwé ló ní in, ibi tí àlejò ń kọ orúkọ àti ìdí tó fi wá. Mo ka ọdún kan gbáko nínú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá pín oògùn aràn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ìwé wà níbẹ̀. Òṣèlú méjì wà níbẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ sì mọ ìgbà tí ìyẹn máa ń jẹ́. Kò sí ọmọ kọ́mítì kan tó kọ orúkọ síbẹ̀ pé òun wá yẹ ilé ìwé wò. Àwa tí wọ́n ní ká máa ṣọ́ ilé!

Ọmọ ọdún méje ni mí ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí Awólọ́wọ̀ àti Awókòyà, mínísítà ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lé díẹ̀ ní 450,000 lọ́dún tó ṣáájú; lọ́dún yẹn, wọ́n lé ní 800,000. A pọ̀ débi pé abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ mi ní "a, b, d". Àwọn bàbá wa po amọ̀, àwọn ìyá wa pọn omi rẹ̀, ògiri dìde. Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn o, tísà ń nà wá bíi bàrà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọ bíi tiwa ní mánéjà, pásítọ̀ tàbí fadá tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Tiwa kì í kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbà wọlé, yóò wo ṣáláńgá, yóò wo ìkòkò omi, yóò ka àwọn ọmọ, kó tó wá ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá kó wò ó bóyá iye tó kà ni wọ́n kọ. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá. Ẹ̀yin ń gun jíìpù, ẹ ní ọ̀nà jìn.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ìjọba ló ṣe é. Lóòótọ́, ìjọba jẹ̀bi, mi ò ní fi í pamọ́ sábẹ́ àkéte. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó iye kan náà sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í kó o, owó àwọn ọmọ a sì jókòó sí Àbújá. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi ìtọ́jú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sára iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìpínlẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Káńsẹ́lọ̀, ṣé o gbọ́? Ẹ̀rọ kànga ilé ìwé tí kò ní ọwọ́ mọ́ yẹn, tí mábù ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń dán lára ògiri, wọ́ọ̀dù rẹ ló wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá dé, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ẹ má fi hẹ́dímásítà nìkan sílẹ̀. Òun mọ̀ pé yàrá mẹ́rin ni kọngílá kọ́. Ó mọ̀ ọ́n kó tó wá síbi ẹ̀bà mi. Bó bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n lè gbé e lọ sí abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, kó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi àwa síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ta ló fẹ́ gbé èmi lọ sóko? Oko ni mo ti wá.

Ti ilẹ̀ ilé ìwé, mi ò fẹ́ sọ ọ́ pẹ́ kí ìfúnpá mi má ga. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ò dúró de ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló ti wà lójú ọgbà ilé ìwé wa, ọmọ-ọmọ ẹni tó fi ilẹ̀ náà tọrẹ ló ń gba owó háyà wọn. Ó wà ní kọ́mítì.

Ẹ rántí Ìta Fáájì, ní Erékùṣù Èkó, ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019. Ilé ìwé aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba, òkè ilé tí àwọn èèyàn ń gbé ló wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti sàmì sí ilé náà pé kí wọ́n wó o. Àwọn òbí ń fa ọmọ lọ́wọ́ kọjá lára àmì yẹn láràárọ̀. Ilé náà wó láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, nǹkan bí ogún ẹ̀mí ló lọ. Nígbà tí àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá sílé ìwé tiwa lọ́dún tó kọjá, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun ojú ibi tí ògiri ti là. Mo wà níbẹ̀, mo sì pàtẹ́wọ́.

Mo ti kọ lẹ́tà báyìí sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ pé ọwọ́ tí mo fi sí ìwé ṣáláńgá yẹn, irọ́ ni, kí wọ́n wá wò ó. Wọn ò tíì fèsì. Ìpàdé kọ́mítì wa tó ń bọ̀ di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. A ò ní jókòó sí ọ́fíìsì hẹ́dímásítà o. Ẹ̀yìn ṣáláńgá la ti máa pàdé, kí bíríkìlà mú tépù ìwọ̀n rẹ̀ dání.