Ẹ Má Da Oògùn Họ́mọ̀nù Yín Sínú Ike Ìdọ̀tí

Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láàárín àwọn ìyá, láti Jakande títí dé Sangotedo. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ kò dárúkọ, kò sì sọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó ṣáà ní oògùn họ́mọ̀nù tí dókítà ń kọ fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dúró, májèlé ni. Pé bí ọmú bá ti ń ro ẹni tó ń lò ó, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì, kó tètè dà á nù kó tó di jẹjẹrẹ. Àwọn èèyàn sì ń dà á nù lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó gbé obìnrin dé ọ̀dọ̀ dókítà ná. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin ń dúró. Kó tó dúró pátápátá, estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin tó wà nínú ara, á máa lọ sókè sódò, ibi tó ń ṣètò ooru ara nínú ọpọlọ á sì ṣìnà: ooru díẹ̀ báyìí, ó ti ní kí òógùn máa ṣàn, kí ọkàn máa sáré. Ẹ̀rù tí kò nídìí náà máa ń bá a rìn. Lálẹ́ tí kò síná ní Langbasa tàbí Badore, ta ló fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ooru Èkó lásán? Ìyá á wá kẹ́mísìtì kan lọ ní abẹ́ bíríìjì Ajah, wọ́n á gún un níka, wọ́n á ní ibà ni, pílọ́ọ̀sì méjì, taifọ́ọ̀dù sì tún wà níbẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ó tún padà wá. Bí abẹ́rẹ́ kò bá ràn án, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì, ìyá ọkọ tó jókòó jẹ́ẹ́ sí abúlé á sì di àjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá rí dókítà tó wọn ìfúnpá rẹ̀, tó yẹ ọmú rẹ̀ wò, tó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí tàbí jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe é rí, kó tó kọ oògùn fún un, orí ti bá a ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá ń bà á jẹ́. Estrogen tí ara ti ń pàdánù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọlé ni. Ọmú lè wú, inú lè kún, orí lè fọ́, èébì lè máa gbé ni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè kán sí pátá. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ á dùbúlẹ̀ lóru, á fọwọ́ lé àyà, á máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bó ṣe ń kà á ni ọkàn ń sáré sí i. Yóò wá ní oògùn ló fẹ́ pa òun.

Ta ló sọ fún yín pé oògùn tó bá ti yọ ni lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀, májèlé ni? Ṣé kì í ṣe àwa la họra tòru-tọ̀sán nítorí kílórókúìnì láyé ọjọ́sí, tí ibà sì lọ? Amlodipine tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú ẹsẹ̀ ẹlòmíì wú. Dókítà là ń padà lọ bá, a kì í dà á sí gọ́tà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí aláboyún ń lò ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò sẹ́ni tó pariwo. Ẹ tiẹ̀ gbé ìyẹn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ṣebí ẹ̀ ń bì lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmú ń ro yín, ẹ kò lè gbóòórùn ọbẹ̀? Estrogen àti progesterone ló fà á nígbà náà pẹ̀lú, ó sì pọ̀ fíìfíì ju ti inú oògùn yìí lọ. Ta ló pe oyún inú rẹ̀ ní májèlé?

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn ní orírun. Ní oṣù Keje ọdún 2002, wọ́n dá apá kan dúró nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative l'Amẹ́ríkà, obìnrin tó lé ní 16,000 ló wà nínú apá náà. Nínú 10,000 obìnrin tó lo estrogen pẹ̀lú progestin, nǹkan bí 38 ni jẹjẹrẹ ọmú ń mú lọ́dún. Nínú 10,000 tí kò lò ó, 30 ni. Mẹ́jọ ló fi lé. Tá a bá sì pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 63 ló jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni ọdún 49 ló ń da tirẹ̀ nù l'Ajah. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn kéde pé àwọn máa yọ púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ líle tó wà lára páálí oògùn náà. Èyí tí wọ́n ní àwọn ò yọ ni ti jẹjẹrẹ ilé ọmọ fún ẹni tó ń lo estrogen nìkan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tí ilé ọmọ yín ṣì wà kò fi gbọdọ̀ yá oògùn ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ti gé ilé ọmọ rẹ̀ nítorí ìju lò: ó lè jẹ́ estrogen nìkan ni tirẹ̀.

Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Progesterone oníkóró máa ń mú oorun wá, alẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹ dín ọtí àti kọfí kù. Bí àyà bá ń lù, ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ mí síta kó pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe mí sínú lọ. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ooru lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀, tàbí tó ṣì ń kán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ lọ fi han dókítà.

Ti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń ro, àyà tó ń dun ni, èémí tí kò já gaara tàbí ojú tó ṣú lójijì yàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tá a ń mú sùúrù fún. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kí gosílóò le tó ní títì Lekki sí Epe.

Ẹ̀yin tí ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni mọ́. Ẹni tí oògùn rẹ̀ bá sì ń yọ lẹ́nu, dókítà tó kọ ọ́ ni kó pè kó tó fọwọ́ kan ike ìdọ̀tí.