Ihò Kúkúrú Kì í Ṣe Ihò Yẹpẹrẹ

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Ìmọ̀rù, ní apá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abiyamọ tí ó kọ ọ́ jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí pápá gọ́ọ̀fù Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, lẹ́bàá Àkúrẹ́, àti pé bí wọ́n bá ti dé, ọ̀rọ̀ eré náà ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́. Ní ọjọ́ kan ó bi wọ́n léèrè bóyá obìnrin náà lè gbá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó lè gbá ihò kúkúrú, nítorí ihò obìnrin nìyẹn. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ihò kúkúrú yìí, ṣé òótọ́ sì ni pé àwọn aláìlágbára ni a ṣe é fún? Ó tún fẹ́ mọ̀ bí òun ṣe lè ṣe irú rẹ̀ kan sí ẹ̀yìn ilé-ìwé òun fún àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú eré gọ́ọ̀fù, a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan lọ sínú ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 4¼, kò ju ẹnu ife ńlá tí a fi ń mu ògì lọ. Iye ìgbà tí ọ̀jáfáfá yẹ kí ó fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù kí ó tó wọlé ni wọ́n ń pè ní páà. Ihò gígùn a máa jẹ́ páà márùn-ún, ọ̀pọ̀ ihò jẹ́ páà mẹ́rin, èyí tí ó kúrú jù sì jẹ́ páà mẹ́ta. Lórí pápá oníhò 18, mẹ́rin ni páà mẹ́ta sábà máa ń jẹ́. A ti fi ìgbà méjì sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí fún rírọra ta bọ́ọ̀lù lórí koríko gígẹ̀ tí ó tẹ́jú, níbi tí ihò gan-an wà. Ẹ bá mi yọ ọ́: nínú mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù. Ẹyọ kan náà ni ó gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù láti ibi tí a dúró sí dé orí koríko yẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò gígùn dà bí aṣọ tí à ń rán; bí ojú rírán kan bá wọ́, a lè tú u, kí a tún un rán. Ihò kúkúrú dà bí ìgbà tí a ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ olówó iyebíye. Bí ó bá ti gé, ó gé. Nítorí náà kí a tó fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù rárá ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù: kí a wo atẹ́gùn, kí a wo bí ilẹ̀ ṣe dagun, kí a yan ọ̀pá tí ó tọ́, kí a sì mọ ibi tí ó sàn kí a ṣìnà sí bí a bá máa ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àǹkárá mọ ohun tí yáàdì jẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé lónìí gbà pé páà mẹ́ta lè gùn tó yáàdì 260 fún ọkùnrin, àti 220 fún obìnrin. Ṣùgbọ́n àwọn tí òkìkí wọn kàn jù kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Royal Troon, ní etí òkun ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, ihò kẹjọ jẹ́ yáàdì 123. Ẹ tẹ́ àǹkárá oníyáàdì mẹ́fà mẹ́fà sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé; ogún àti ààbọ̀ péré ni yóò kárí rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Postage Stamp, èyíinì ni sítáǹbù tí à ń lẹ̀ mọ́ àpò ìwé, nítorí bí ojú koríko rẹ̀ ti kéré tó. Kòtò iyanrìn yí i ká, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ lé e lórí. Ní ọdún 1950, nínú ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Open, Hermann Tissies ará Jámánì gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 15 kí ó tó wọ ihò yìí. Bí ó ti ń yọ nínú kòtò kan ni ó ń bọ́ sí òmíràn. Ní 1973, nínú ìdíje kan náà, Gene Sarazen ará Amẹ́ríkà dúró sí ojú ibẹ̀. Ẹni ọdún 71 ni. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé ṣinṣin. Ní ọjọ́ kejì bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sí kòtò iyanrìn, ó sì gbá a láti inú kòtò náà bọ́ sínú ihò.

Ihò kejìlá ní Augusta, ní Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, jẹ́ yáàdì 155. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá níwájú rẹ̀, ojú koríko náà tín-ín-rín láti iwájú dé ẹ̀yìn, atẹ́gùn a sì máa yí po láàárín igi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró kò ní mọ ibi tí ó ti ń fẹ́. Tom Weiskopf, akọni agbágọ́ọ̀fù, lo ìgbà 13 níbẹ̀ ní 1980. Ní 2016, Jordan Spieth ni ó ń ṣíwájú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje. Ó gbá bọ́ọ̀lù sínú omi lẹ́ẹ̀mejì ní ihò yìí, ó lo ìgbà méje, oyè sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kò lágbára? Kò sí ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá odò náà nínú wọn. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí ń rẹ́rìn-ín ní Ìmọ̀rù.

Ní tèmi o, mo gbà pé ihò kúkúrú tí ó dára ni èyí tí ó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè kan tí agbára nìkan kò lè dáhùn, tí ó sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ kò le. Ìdajì kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ń ṣe pápá máa ń gbàgbé. Bí gbogbo iwájú ihò bá jẹ́ omi, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ omi, a ti sọ fún ẹni tí kò lè gbé bọ́ọ̀lù ga pé kí ó máa lọ sílé.

Ó wá yani lẹ́nu pé obìnrin ni ó dá àbá èyí tí ó le jù nínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní TPC Sawgrass ní Florida, pápá tí Pete Dye ṣe, tí wọ́n ṣí ní 1980, iyanrìn dáradára pọ̀ ní àyíká ibi tí ihò kẹtàdínlógún yóò wà. Wọ́n wà á, wọ́n wà á, títí ibẹ̀ fi di kòtò gbàǹgbà. Kí ni a ó fi kòtò ṣe? Aya rẹ̀, Alice Dye, ni ó sọ pé kí wọ́n da omi kún un, kí koríko náà dá wà láàárín rẹ̀ bí erékùṣù. Yáàdì 137 ni, kò tó àǹkárá 23, lọ́dọọdún sì ni wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù jáde nínú omi náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ àjẹkù ẹ̀bà di ohun mìíràn ní òwúrọ̀ yóò mọ irú ọpọlọ tí ó rí kòtò tí ó sọ ọ́ di ẹwà. Síbẹ̀, bí mo ti fẹ́ràn arábìnrin náà tó, n kò lè pe ihò yẹn ní àpẹẹrẹ rere. Kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yí nílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ni mo kà sí ju ìyẹn lọ. Alice Dye, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn àgbà obìnrin Amẹ́ríkà ní 1978 àti 1979, tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ibi ìdúró méjì ni ó yẹ kí a máa ṣe fún obìnrin, ọ̀kan fún àwọn tí ń gbá a jìnnà, ọ̀kan nítòsí fún àwọn yòókù, kí ìbéèrè ihò náà lè dọ́gba fún gbogbo wọn. Ní 1997 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán pápá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní 2019.

Bí ẹ bá bi mí ní èyí tí mo fẹ́ jù, ihò kẹẹ̀ẹ́dógún ní North Berwick, ní Sìkọ́tíláǹdì, ni n ó mú. Redan ni orúkọ rẹ̀, orúkọ odi kan tí wọ́n jà lé lórí nígbà ogun Kìríméà. Ó gùn tó nǹkan bí yáàdì 190. Kòtò iyanrìn jíjìn kan ṣọ́ ọ ní apá òsì níwájú, ṣùgbọ́n ojú koríko náà dagun láti ọ̀tún níwájú lọ sí òsì lẹ́yìn. Alágbára lè gbá bọ́ọ̀lù gba orí kòtò kọjá tààrà. Ẹni tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ a gba ẹ̀bùrú: a gbá a sí apá ọ̀tún, ilẹ̀ yóò sì máa yí i lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ ihò. Ọgbọ́n ju agbára lọ níbẹ̀ ní tòótọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé òkìtì díẹ̀ bo ojú koríko mọ́ ẹni tí ń gbá a, èmi sì fẹ́ kí a rí ibi tí à ń lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ pápá káàkiri ayé ni ó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Ihò tí kò béèrè agbára, tí ó yẹ kí obìnrin àti ọkùnrin ti pàdé ní ọgbọọgba, inú ọgbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ obìnrin ni àwọn tí ó lókìkí jù wà. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ Augusta tó gba obìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, Condoleezza Rice àti Darla Moore. Ní Royal Troon, 2016 ni àwọn ọkùnrin tó dìbò láti gba obìnrin sínú ẹgbẹ́ wọn. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 2020, ìdíje Open ti àwọn obìnrin wáyé níbẹ̀, Sophia Popov ará Jámánì sì gba oyè, ẹni tí ipò rẹ̀ nínú àwọn agbágọ́ọ̀fù obìnrin ayé jẹ́ 304 nígbà náà. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní ẹ̀ka obìnrin pẹ̀lú olórí tiwọn; kò sí ìdí tí aya kan yóò fi dúró síbi ọkọ̀ kí ó máa ṣọ́ kúlà oúnjẹ.

Ó wá ku ti ẹ̀yìn ilé-ìwé ní Ìmọ̀rù. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ rọra dagun, tí àgbàrá kì í dúró sí. Ẹ ro ó, ẹ lù ú mọ́lẹ̀ bí a ti ń lu ilẹ̀ ilé àtijọ́, kí ẹ sì fi ìgbálẹ̀ gbá a títí yóò fi dán, ní ìwọ̀n yàrá ìkàwé kan. Láyé ọjọ́un, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò jẹ́ kí koríko dúró, ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń lo iyanrìn tí a fi òróró pò dípò rẹ̀. Ẹ má ṣe dán ìyẹn wò. Òróró ọkọ̀ kò dára fún ara ọmọdé, kò sì dára fún ilẹ̀ tí ẹ ó tún gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ ri agolo kan mọ́lẹ̀ ní apá kan, kì í ṣe ní àárín. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi òjò lè gbà jáde, kí ẹ sì rọ etí rẹ̀ dáadáa kí ó má ba à gé ọmọ lọ́wọ́. Àjákù aṣọ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún àsíá.

Ẹ gbẹ́ kòtò iyanrìn kan ṣoṣo sí iwájú ní apá ibi tí agolo wà, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe akọni yóò gbá a gba orí kòtò. Èyí tí ó bá fẹ́ ronú yóò gbá a sí apá kejì, kí ilẹ̀ dídagun lè gbé e wá. Ẹ fi òkúta funfun sàmì sí ibi ìdúró méjì, ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ 40 fún àwọn ọmọ ńlá, ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ 25 fún àwọn kéékèèké. Ẹ má ṣe pe èyí tí ó wà nítòsí ní ti obìnrin. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni kí ẹ lò, nítorí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù gan-an le bí òkúta, ó sì lè fọ́ ojú. Káfíńtà tí ó wà ládùúgbò lè gbẹ́ ọ̀pá náà, kí gígùn rẹ̀ má ju ìbàdí ọmọ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ẹni tí ń ju ọ̀pá. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ju ekuru díẹ̀ sókè kí wọ́n wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù.