Ìbọn tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Òwu: àwòkọ nìkan kò tó

Ní ọdún 2006, DICON, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ohun ìjà ogun ní Kàdúná, gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n pè ní OBJ-006. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí a ní láti ṣàlàyé lẹ́tà mẹ́ta yẹn fún. Balógun Òwu, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló wà lórí àlééfà nígbà náà, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi sọ ìbọn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, kí ló kù? AK-47 ni, ìbọn tí Mikhail Kalashnikov, ará Rọ́ṣíà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940.

Èmi kò bínú sí àwòkọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rọ ni yóò kọ́kọ́ wò rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe fúrídọ́ọ̀mù tán, tí ogún ọdún kọjá, tó ṣì ń rọ ọkọ́ ọ̀gá rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà lára rẹ̀, a ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé kí ló kọ́ gan-an. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwọn tó ń ṣe ohun ìjà nílẹ̀ wa nìyẹn.

Ẹ̀yà ara ìbọn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ó kéré, ojú kì í sì í kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Òun ni ọwọ́ irin kékeré tí ológun máa ń fà sẹ́yìn kí ìbọn tó lè dún. Ọwọ́ ìfà ni n ó máa pè é.

Tí ológun bá fa ọwọ́ ìfà sẹ́yìn tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì inú ìbọn yóò ti irin padà síwájú, irin náà yóò sì gbé ọta kan lọ sí ìdí àgbá. Láti ìgbà náà lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde nígbà tí ọta bá dún ni yóò máa ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wo ìbọn nínú fíìmù lè rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ ìfà wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọta bá há, bí iyanrìn bá wọ inú ìbọn, bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ibẹ̀ ni ológun ń sáré padà sí. Ọwọ́ ìfà ni ẹ̀yà tí a ń lò nígbà tí nǹkan bá ti dàrú. Ẹ fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan tí wọ́n rán lọ sí Borno lásìkò ọyẹ́, tí eruku bo ojú rẹ̀, tí òógùn mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa yọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi ń wá ọwọ́ ìfà kiri lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún un láyé.

Lára AK-47, apá ọ̀tún ni ọwọ́ ìfà wà. Ó so mọ́ irin inú ìbọn débi pé gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún ni òun náà ń lọ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa fi ń di ìdí ìbọn mú. Kí ológun tó lè fà á, àfi kó kọ́kọ́ tú ọwọ́ ọ̀tún kúrò níbi tó ti fẹ́ yìnbọn, tàbí kó na ọwọ́ òsì gba abẹ́ tàbí orí ìbọn kọjá sí òdìkejì. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi òsì yìnbọn gan-an ni ọwọ́ ìfà yìí rọ̀ lọ́rùn jù, nítorí ọwọ́ tó fi gbé iwájú ìbọn ni yóò fi fà á. Ṣùgbọ́n òun náà ní ìṣòro tirẹ̀: apá ọ̀tún yẹn kan náà ni èèpo ọta gbígbóná ń fò jáde sí, iwájú rẹ̀ ló sì ń gbà kọjá.

Àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n wo AK kọ kò dúró síbi tí wọ́n ti bá a. Àwọn ará Finland ṣe tiwọn jáde, wọ́n pè é ní Rk 62, wọ́n sì tún ibi tí a fi ń wo àfojúsùn lórí rẹ̀ ṣe. Àwọn ará Ísírẹ́lì wo iṣẹ́ Finland, wọ́n ṣe Galil ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n sì tẹ ọwọ́ ìfà rẹ̀ sókè kí ọwọ́ òsì lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún kúrò ní ààyè rẹ̀. Irin kan tí wọ́n tẹ̀ sókè ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Gúúsù Áfíríkà gba Galil, wọ́n tún un ṣe bá ara wọn mu, ó di R4. Ilẹ̀ adúláwọ̀ kan náà tí a wà ni Gúúsù Áfíríkà wà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jẹ ìyà kí wọ́n tó gbọ́n. Ìbọn SA80 tí wọ́n kó fún àwọn ológun wọn ní àwọn ọdún 1980 ń há, àwọn ológun ń ráhùn, pàápàá lẹ́yìn ogun Ìráàkì ti ọdún 1991. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ Heckler & Koch láti tún un ṣe. Lára ohun tí wọ́n yí padà ni ọwọ́ ìfà: wọ́n yí ìrísí rẹ̀ padà kí èèpo ọta tó ń fò jáde má baà padà dí ìbọn lọ́wọ́. Ìráhùn àwọn tó ń gbé ìbọn ló bí àtúnṣe náà.

A kò sì lè sọ pé àwọn sójà tiwa kò mọ ìyàtọ̀. Ìbọn FAL tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, apá òsì ni ọwọ́ ìfà rẹ̀ wà, kì í sì í lọ kó máa bọ̀ nígbà tí ìbọn bá ń dún. Ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà méjèèjì. Ta ló ti jókòó bi wọ́n léèrè èyí tí ó gbà wọ́n?

Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó mọ ohun tí irin kékeré lè fà, ọmọ Òwu ni. Àlùfáà Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìjà lórí ataare ní ọjà Apòmù ló di ogun Òwu. Òwu ṣẹ́gun Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìjẹ̀bú dá sí i, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn ló súnmọ́ etí òkun tí ìbọn ń gbà wọlé. Òwu kò ṣojo. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi dó ti ìlú náà ní àwọn ọdún 1820 kó tó tú. Nǹkan bí ọdún 1834 ni àwọn tó ṣẹ́kù wá bá àwọn Ẹ̀gbá ní abẹ́ Olúmọ. Ìgboyà wà lọ́wọ́ Òwu, idà sì wà. Ohun tí kò sí ni irin tuntun.

Ẹ̀kọ́ náà kò tán síbẹ̀. Nínú ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù bá ìyàlẹ́nu pàdé. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti rí ìbọn tí a ń ti ìdí kì gbà láti Èkó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìbọn ilẹ̀ wa ṣì jẹ́ ṣakabùlà tí a ń ti ẹnu kì. Ẹni tó ń ti ẹnu kì í yóò da ẹ̀tù, yóò fi ọ̀pá gún un, yóò sì dìde dúró kí ó tó ṣe é tán. Ẹni tó ń ti ìdí kì í lè dùbúlẹ̀ kó sì yìn ín léraléra. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí ọta ń gbà wọlé ló mú ìyàtọ̀ wá. Baba ńlá ọwọ́ ìfà nìyẹn. Nígbà tó sì di ọdún 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí nínú ogun Àdùbí, ṣakabùlà náà ni wọ́n ṣì gbé pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló bá a lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìbọn ti pọ̀ jù nílùú, pé ìbọn yìí kan náà ni àwọn ajínigbé ń lò, kí ló dé tí a tún fẹ́ mú un dára sí i? Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, èmi náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rọ ìbọn ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀; òfin kò gbà á, ọgbọ́n kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jí wa gbé kò dúró de DICON kí wọ́n tó rí ìbọn. Ọmọ wa tí a rán lọ dojú kọ wọ́n ni mo ń gbẹ́jọ́ rò. Títún ọwọ́ ìfà ṣe kò sọ ọta di ẹlẹ́mìí méjì. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹni tó gbé ìbọn lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn yóò ní AK lágbára nítorí pé kò ní wàhálà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ ìfà ṣe so mọ́ irin inú ìbọn ń jẹ́ kí ológun lè fi agbára tì í padà nígbà tó bá há. Nítorí náà ni mo ṣe fi Galil ṣe àpẹẹrẹ: wọn kò ba àǹfààní náà jẹ́, wọ́n kàn fi ti ọwọ́ òsì kún un.

Kí ni kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí DICON pe àwọn sójà tó ti lo ìbọn náà lójú ogun, kí wọ́n kọ ìráhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n má sì fìyà jẹ ẹni tó bá sọ òótọ́. Èkejì, òfin DICON tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìwádìí àti àjọṣe pẹ̀lú àwọn aládàáni. Kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kí wọ́n gbé ìṣòro kékeré bí èyí fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, lábẹ́ àbójútó ológun. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dán àtúnṣe náà wò nínú eruku àti òjò ilẹ̀ wa kí wọ́n tó kó o fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ ológun kó tó di ọ̀gágun tí a mọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní kà á sí àbùkù pé wọ́n ṣàtúnṣe sí ohun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí DICON bá gbé èyí tó tẹ̀ lé OBJ-006 jáde, ọwọ́ ìfà ni n ó kọ́kọ́ wò kí n tó ka orúkọ.