Luther Kò Lé Ìjẹ́wọ́ Jáde Nínú Ìjọ

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ wá lára jù láàárín àwa tí a kì í ṣe Àgùdà: pé nígbà tí Martin Luther yapa kúrò lọ́dọ̀ póòpù, ó kó ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ dà sí ààtàn, àti pé láti ìgbà náà, Kristẹni tòótọ́ kì í jẹ́wọ́ fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara. À ń wàásù rẹ̀ lórí pẹpẹ, a sì fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Irọ́ ni.

Kí ni Luther bá jà? Ní 1517, oníwàásù Àgùdà kan, Johann Tetzel, ń ta ìwé ìdáríjì kiri ní ilẹ̀ Jámánì, apá kan owó náà sì ń lọ sí kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Ọjà yìí ló bí i nínú. Kò sì fara mọ́ bí wọ́n ṣe sọ ìjẹ́wọ́ di túláàsì, tí àwọn ènìyàn ń ṣa ẹ̀ṣẹ̀ wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkàn ẹlòmíràn fi ń dàrú. Ìjẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dì í mú ṣinṣin. Ní oṣù kẹta 1522, nígbà tí àwọn kan ń dojú àṣà ìjọ bolẹ̀ ní Wittenberg, ó padà wá síbẹ̀, ó wàásù fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò ní gba ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ òun, nítorí òun mọ ìtùnú tí òun rí níbẹ̀. Johannes Bugenhagen, olùṣọ́-àgùntàn ìlú náà, ló ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ wà nínú Katikísímù Kékeré tó kọ ní 1529. Ní 1530, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́ sínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Augsburg pé kí ìdáríjì ìkọ̀kọ̀ máa wà nínú ìjọ.

Ìyàtọ̀ wà o. Ìgbìmọ̀ Trent ti àwọn Àgùdà sọ ní 1551 pé àlùfáà nìkan ló ní àṣẹ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ kó sì dárí jini. Luther ní arákùnrin nínú ìgbàgbọ́ lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ arákùnrin rẹ̀. Calvin, tí òun náà tún ìjọ ṣe bíi Luther, kọ̀ kí ìjẹ́wọ́ di òfin, síbẹ̀ ó gba ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ń dà láàmú níyànjú pé kó tọ olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ lọ. Ibi tí ìjà wà nìyẹn. Àwọn Àgùdà pàápàá kò kọ́ni pé fadá ń fi agbára ara rẹ̀ dárí ji ẹni tí kò ronú pìwà dà.

Ẹ ó ní Ọlọ́run nìkan ló ń dárí jini. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn akọ̀wé fi ta ko Jésù nínú ọkàn wọn nígbà tó dárí ji arọ. Òun náà ló sì mí sára àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn àjíǹde, tó fún wọn ní àṣẹ láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, nínú Jòhánù orí 20. A ń fi irọ́ wa dá àwọn ènìyàn lóró: ẹni tó ṣẹ́yún, ẹni tó jí owó ìjọ, à ń lé wọn padà sílé kí wọ́n máa dá gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ Ìjọ Ańgílíkà, tó ní Àgùdà nìkan ló ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà, kó ṣí Ìwé Àdúrà 1662 tí àwọn míṣọ́nnárì CMS gbé wá fún wa, kó wo ìlànà ìbẹ̀wò aláìsàn. Wọ́n ní kí àlùfáà rọ aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ wúwo láti jẹ́wọ́, kí ó sì dárí jì í ní àṣẹ tí Kristi fi lé e lọ́wọ́.