Ẹni Tó Kẹ́yìn Nínú Omi Kì í Ṣe Ẹni Ẹ̀sín

Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó wọ ìje alápá mẹ́ta, tí ó kẹ́yìn nínú omi, tí ó sì parí ìje náà kí àkókò tó tán, òǹdíje gidi ni. Kì í ṣe àlejò tí a fi ojú àánú gbà wọlé, kì í sì í ṣe aláwàdà. Àwọn tí wọ́n ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sílé ni mo fẹ́ dá lóhùn.

Nínú ìje yìí, òǹdíje yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré, láìsí ìsinmi láàárín wọn. Sydney ni ó ti kọ́kọ́ wọ eré Òlíḿpíìkì ní ọdún 2000: kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Ti Ironman gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 3.8, 180, àti 42. Omi ni ó máa ń ṣáájú, nítorí pé ewu ni fún ẹni tí ó ti rẹ̀ láti wọ inú omi. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò yá nínú omi fi jẹ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rí lẹ́yìn.

Àríwísí kìn-ín-ní ni pé ìtìjú ni fún àgbà. Wọ́n á ní ẹnìkan kì í déédéé sáré wọ inú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ni ń lé e. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àgbà yìí ń lé nǹkan: ìlera rẹ̀ ni ó ń lé. Ẹ wo orúkọ tí èdè wa fún irú iṣẹ́ yìí. A kò pè é ní eré ìborí; eré ìdárayá ni a pè é. Ara ẹni tí ń ṣe é ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ fi sẹ́yìn. Bákan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ ni díje, ọ̀tọ̀ ni borí. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè díje. Ẹnìkan ni yóò borí. Ẹni tí ó ní kí ẹni tí kò lè borí má ṣe díje ti pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan.

Àríwísí kejì ni pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kò yá nínú omi. Kí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ wá wo Bouaké. Ojú ọ̀nà láti ibí dé Abidjan létí òkun lé ní 300 kìlómítà. Ní ọdún 2018, omi ìdídò Loka tí ìlú yìí gbójú lé gbẹ, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì rí omi mu. Òṣìṣẹ́ tí ó dàgbà ní ilé-iṣẹ́ ní Zone industrielle, níbo ni ì bá ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní kékeré? Àìrí omi ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní Sydney kan náà, Eric Moussambani ará Guinea Equatorial lúwẹ̀ẹ́ mítà 100 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72, nígbà tí ẹni tí ó gba wúrà lò 48.30. Ọ̀pọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Adágún kékeré hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ti ṣe ìgbáradì, oṣù díẹ̀ péré sì ni ó fi kọ́ ọ. Ọkùnrin náà di olùkọ́ni ìlúwẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2012.

Àríwísí kẹta wúwo jù: wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òótọ́ ni ewu náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi bẹ̀bẹ̀ pé kí a mú gbèdéke àkókò kúrò. Ironman fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 sí inú omi, ó sì fi wákàtí 17 sí gbogbo rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Hiromu Inada ará Japan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìntì, pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ní Hawaii ní 2015. Wọn kò kà á mọ́ àwọn tí ó parí. Ó padà lọ. Ní 2018, ní ẹni ọdún 85, ó parí kí àkókò tó pé. Òfin tí ó kọ̀ fún un ní ìjọ́sí ni ó fún àṣeyọrí rẹ̀ ní iyì. Aago ni kí ó dá ẹni dúró, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín àwọn òǹwòran.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń ṣètò ìje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kéde gbèdéke wọn kí ó tó di ọjọ́ ìje, kí wọ́n fi ọkọ̀ agbẹ̀mílà sínú omi, kí wọ́n má sì ṣe tú àsíá òpin ìje palẹ̀ kí àkókò tó pé. Kí àwọn aláṣẹ ìlú ṣí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún àgbà tí ó fẹ́ kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nítorí pé àmì ohùn ṣòro fún un, ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ń rẹ́rìn-ín létí omi ni. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbà sílẹ̀ ní ṣíṣí títí àkókò yóò fi pé.