Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a bí, tí a sì tọ́, tí àgbà kan kò tíì sọ létí rẹ̀ rí pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dúró tú u. Ohun tí ó mú mi gbé gègé ni èyí tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú ilé mi níhìn-ín ní Sabon Tasha, ní ìhà gúúsù Kàdúná, ìlú tí wọ́n ń fi ọ̀nì pè.

Ọmọ ọmọ mi, ẹni ọdún méje, ti ilé ìwé dé pẹ̀lú máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó ya igi òdòdó kan sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti yà á sójú pátákó, ó fi ọfà tọ́ka sí gbòǹgbò, ọ̀pá, ewé àti òdòdó, ó sì kọ orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣì kan. Inú mi dùn, mo sì gbà á mọ́ra. Mo wá mú atalẹ̀ kan nínú agbọ̀n, irú èyí tí wọ́n ń kó wá sí ọjà wa láti ìhà Kachia, mo ní, “Ọkọ mi, apá wo lára igi nìyí?” Ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá, èyí ò sí nínú ìwé wa.” Mo nawọ́ sí dógóyárò tí ó ṣíji bo àgbàlá, mo bi í pé níbo ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ó ní kò ní.

N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó fi ẹfun ya igi fún un, nígbà tí igi gidi ń na ẹ̀ka wọ ojú fèrèsé kíláàsì, òun ni ó jẹ̀bi.

Atalẹ̀ tí mo mú lọ́wọ́ yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò pè é ní gbòǹgbò nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni a ti wà á, ṣùgbọ́n ọ̀pá igi ni, tí ń rá kòrò nínú ilẹ̀. Ẹ wo oríkèé ara rẹ̀, ẹ wo ojú tí ó yọ síbẹ̀, láti ojú yẹn ni ọ̀mùnú ti ń hù bí a bá gbìn ín, gbòǹgbò rẹ̀ gan-an sì ni àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn alátalẹ̀ ti já dànù kí ó tó dọ́jà. Àlùbọ́sà ńkọ́? Ewé ni èyí tí à ń ṣí ní ìpele-ìpele, tí ń pa wá lójú. Ẹ fi ẹ̀wà mẹ́rin sórí òwú tútù nínú ife: kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, fọ́nrán funfun kan yóò ti yọ, gbòǹgbò ni, bí ẹ sì dojú ife náà délẹ̀, yóò tẹ̀, yóò tún kọrí sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá fojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé títí ewú yóò fi bo orí rẹ̀.

Bí a bá bi àwọn olùkọ́ pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ewé àti gbòǹgbò, wọ́n á ní ọmọ Gbagyi, Bajju, Íbò, Hausa àti Yorùbá ló wà nínú kíláàsì kan náà ní Sabon Tasha, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè kárí wọn. Àwáwí lásán ni. Ewé kò nílò ògbufọ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́ Hausa tí à ń fi ná ọjà. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn níbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì di akúrẹtẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ti máàkì. Báwo ni ọmọ tí kò mọ ẹ̀ka yàtọ̀ sí gbòǹgbò yóò ṣe gbọ́ òwe ẹ̀ka ìrókò, ìrókò Olúwéré? Kí ni yóò rí nígbà tí a bá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ? Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a sọ ní Fátúmbí, jókòó ti àwọn babaláwo wa títí ó fi kó orúkọ ewé wa jọ sínú ìwé Ewé tí ó jáde ní 1995. Ọmọ tiwa ń gbé abẹ́ igi, kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo ti ń bínú sí olùkọ́ yẹn ni òwe yìí dé sí mi lọ́kàn, tí ọwọ́ mi sì rọ̀. Ta ni ó ń kígbe mọ́ ọmọ náà pé kó má fọwọ́ kan ilẹ̀, kó má ba aṣọ jẹ́? Àwa ni. Ta ni ó ń ra ẹ̀fọ́ rírẹ́ wálé, tí ọmọ kò fi rí ìdí rẹ̀ rí? Àwa náà ni. Ìrókò tí à ń sọ pé kí olùkọ́ pa ẹ̀ka rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ti hù.

Nítorí náà mo mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé lẹ́yìn òjò, mo ní kó fa tẹ̀tẹ̀ kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ó pọ́n, ó kún fún ẹrẹ̀, ọmọ náà sì fi ìka tọ ọ́ títí dé orí ewé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jí tán, mo gbọ́ igi tí ń ha ilẹ̀ nídìí dógóyárò, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ dún wọ yàrá: “Bàbá, ó ní o!”